Bóòtù Kẹtàdínlógún

Pákó kékeré kan ni wọ́n fi há ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ náà kí ó má baà padé. Mo fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nígbà tí mò ń wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, n kò sì ro ohunkóhun sí i. Àwọn Olùwọ̀n, tó máa ń wò bóyá ilé ìwé kún ojú òṣùwọ̀n, ń bọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fátúnsìn, olórí Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹ̀rọ níbi tí mo ti gboyè, ti ní òun kò fẹ́ rí ìdọ̀tí kankan nílẹ̀. Ilẹ̀kùn rọra padé lẹ́yìn mi, ó sì ti ara rẹ̀ pa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti wà nínú ilé kí n tó dé. Wọ́n ń rìn síwá rìn sẹ́yìn, wọ́n ń fi ìka nu eruku tí kò sí lórí tábìlì. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí wọn ni wọ́n fà mí dìde.

"Ìbíyẹmí, ohun tí wọ́n bá bi ẹ́ nìkan ni kó o dáhùn," ni wọ́n wí. "Tí wọn ò bá bi ẹ́, má sọ ọ́."

Mo ní ó ti yé mi, sà. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní kí ni àwọn tiẹ̀ ń bẹ̀rù, pé nínú gbogbo ọmọ tí àwọn kọ́, èmi ni ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu ẹ̀ jù. Pé ní gbogbo ọdún márùn-ún tí mo fi wà ní kíláàsì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni àwọn gbọ́ ohùn mi, ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ sì rèé, sísín ni mo sín.

Orúkọ mi ti jáde nínú ìbò tí wọ́n ṣẹ́ láti mú ẹni tí wọn yóò wọ̀n, láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ilé ìwé wa ti ń ránṣẹ́ sí mi láti ibi gbogbo. Dúródọlá, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, tó ń darí ẹ̀rọ agbẹ́rù létí odi òkun báyìí, fi ohùn ránṣẹ́: "Ìbíyẹmí, jọ̀ọ́, ọwọ́ mi wà lọ́wọ́ ẹ o." Ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá ni wá, òǹtẹ̀ kan náà ló wà nínú àtẹ́lẹwọ́ gbogbo wa. Bí wọ́n bá wọn ẹnì kan nínú wa tí kò kún òṣùwọ̀n, iná òǹtẹ̀ gbogbo wa ni yóò kú lọ́jọ́ kan náà.

Lọ́dún tó kọjá ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ilé ìwé kan lódìkejì odò. Mo mọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ìlọta. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó láti ìdí dé orí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìfọwọ́sí lọ́wọ́ ilé ìwé wọn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó dúró níwájú rẹ̀ bí ọkùnrin tí ìyàwó tilẹ̀kùn mọ́ síta. Àgbàdo sísun ló ń tà báyìí, nídìí ẹ̀rọ náà gan-an.

Olùwọ̀n dé. Mo ti rò pé wọn yóò pọ̀, pé wọn yóò múra bí ẹni ń lọ sí ààfin. Ẹyọ obìnrin kan ló wọlé, Ìyáàfin Tẹniọlá, bàtà wọn kún fún ẹrẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè pé ṣé ọkọ̀ orí okùn tó ń gbé èèyàn gòkè ti bàjẹ́ ni. Wọ́n ní rárá, àwọn kàn fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀lé páìpù náà láti etí odò dé òkè ni. Wọ́n ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lé ọgọ́rin ìṣísẹ̀ ni. Wọ́n ti kà á.

Wọ́n gbé Ẹlẹ́rìí kalẹ̀ sórí tábìlì. Bí ìkarahun ìgbín ló rí, kò sì tóbi jù ú lọ. Kì í dájọ́, kì í bi èèyàn léèrè. Ohun tó bá gbọ́ ló ń gbà mọ́ra, kò sì sí ẹni tó lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyáàfin Tẹniọlá ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún mi lé e. Òǹtẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ mi tàn, àwọ̀ rẹ̀ rí bí aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú aṣọ.

"Ka ète ilé ìwé yín fún mi," ni wọ́n wí.

Mẹ́rin ni ète náà. Ó wà lára òpó ẹnu ọ̀nà ilé ìwé wa, gbogbo wa ló sì mọ̀ ọ́n sórí bí oríkì. Mo kà á pé kí ọmọ wa lè ṣe ẹ̀rọ tí yóò wúlò fún àwọn tó ń gbé nítòsí rẹ̀. Kí ó má ṣíwọ́ ẹ̀kọ́ nítorí pé ó ti gboyè. Kí ó má fi ohun tó gbọ́ ṣe ohun tó rí. Kí ó lè bá ọmọdé àti àgbà ṣiṣẹ́ pọ̀. Nígbà tí mo dé ìkẹta, ohùn mi rẹlẹ̀. Ìyáàfin Tẹniọlá ní kí n tún ìyẹn sọ, pé etí àwọn kò gbé e. Mo tún un sọ.

Wọ́n yíjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́ fún yín. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ohun tí ẹ ní ọmọ yín máa dà, òun ni mo wá wò bóyá ó dà á."

Wọ́n ṣí Ìwé Ẹ̀rọ. Dígí pẹlẹbẹ kan ni, gbogbo ẹ̀rọ ló ní tirẹ̀. Ohunkóhun tí èèyàn bá kọ sínú rẹ̀, dandan ni kó tẹ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí ìdí rẹ̀: Mo rí i, tàbí Mo gbọ́ ọ, tàbí Mo rò ó. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìwé kò ní gbà á. Ìyáàfin Tẹniọlá ń kà á lọ, wọ́n ń mi orí. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tó ń gbé omi láti àfonífojì wá fún gbogbo Òkè-Ìgbàlà, ọdún mẹ́ta gbáko, kò jò, kò dúró lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní ilé ìwé mọ́kànlá ni àwọn ti wọ̀n, àwọn kò tíì rí irú èyí. Mo gbọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n mí kanlẹ̀.

Wọ́n wá kà á síta. "‘Ọrùn páìpù ńlá, níbi tó ti jáde lára pọ́ọ̀mpù: bóòtù mẹ́rìnlélógún. Mo rí i.' Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ó dáa."

Kò dáa. N kò ka bóòtù náà, àwọn irin tó de páìpù mọ́ra, rí.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà ni mo dàgbà sí, n kò sì wọ kíláàsì kankan títí mo fi tó lọ sí yunifásítì. Inú ilé ni wọ́n ti kọ́ mi ní ìwé àti ìṣirò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ mi ní ojú tí à ń fi wo àgbà. Aránṣọ ni wọ́n. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá na téèpù lé aṣọ níwájú ẹni tó rán an, ó ti pe onítọ̀hún ní olè láìlanu. Bí aránṣọ mìíràn bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá fún wọn wò, wọ́n á yìn ín, wọ́n á fún un lómi mu, wọ́n á sì dúró kí ó lọ tán kí wọ́n tó fa téèpù yọ. Ẹ̀kọ́ yìí wọ̀ mí lára bí òórùn ilé ṣe ń wọ aṣọ.

Bàbá Akíngbadé ló kọ́ ẹ̀rọ agbómi náà. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń kàn tẹ́lẹ̀, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kí òkun tó gba ìlú wọn. Wọ́n gun òkè wá bá wa pẹ̀lú àpò sípánà léjìká. Òfin Ọwọ́ gbà kí irú wọn ṣe ẹ̀rọ, kò gbà kí wọ́n fọwọ́ sí i, nítorí pé wọn kò ní òǹtẹ̀. Ẹni tó ní òǹtẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá wò ó, kó kọ ohun tó rí, kó sì gbé ọwọ́ lé e, kí omi tó lè gòkè. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n lọ́dún náà. Èmi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, òǹtẹ̀ mi kò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ.

Wọ́n gbé àpótí fún mi jókòó, wọ́n bu omi tútù fún mi. Mo wo ẹ̀rọ tó ń yí pọ́ọ̀mpù, mo wo béárìn tó ń jẹ́ kó yí geere, mo fi ọ̀pá wọn ooru rẹ̀. Ìyẹn kò le, nítorí pé Bàbá wà níta nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọrùn páìpù, wọ́n ti wọlé, wọ́n dúró tì í, wọ́n ń fi àkísà nu ọwọ́. Ní kíláàsì, wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń ṣírò iye bóòtù tí ọrùn páìpù nílò kí omi má baà tú u ká. Mo mọ ìṣirò náà títí di òní. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí a ṣe ń na ìka sí bóòtù ẹni tó tó bàbá bàbá ẹni kí á máa kà á lójú rẹ̀. Mo béèrè pé mélòó ni, sà.

Wọ́n wò mí pẹ́. "Mẹ́rìnlélógún ni. Àbí o fẹ́ kà á?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin náà lẹ ṣe é, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ilé mi ló dùn mọ́ wọn.

Mo gbọ́ ọ ni ó yẹ kí n tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tẹ ìyẹn sí ibi tí omi ń gbà kọjá, lójú ẹsẹ̀ ni ìwé yóò sọ̀rọ̀ sókè pé kí wọ́n lọ wá ẹlòmíràn tí yóò fi ojú rí i. Bàbá yóò wà níbẹ̀, ìwé yóò máa kéde pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò tó. Mo tẹ Mo rí i. Láti ọjọ́ náà, nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí omi ń ru gòkè nínú páìpù, ńṣe ló ń dà bíi pé ẹnì kan ń ka nǹkan tí kò ní kà á dópin.

Mo lè padà lọ kà á. Ọdún mẹ́ta ni mo ní. Ojú ló ń tì mí láti lọ, nítorí bí wọ́n bá rí mi níbi tí mo ti ń kà á, wọ́n á mọ̀ pé n kò kà á tẹ́lẹ̀.

Ìyáàfin Tẹniọlá ní ó ku ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ náà, pé ibo ni Bàbá wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní àwọn ti ránṣẹ́ pè wọ́n láti aago mẹ́jọ. Ibi tí a ti ń wo ara wa lójú ni a ti gbọ́ tí nǹkan ń dún kó-kó-kó lábẹ́ ariwo pọ́ọ̀mpù. Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, ó ṣí. Bàbá Akíngbadé dúró nínú oòrùn, fìlà lọ́wọ́, òógùn lójú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Bàbá ní kò burú, pé àwọn ti ń kan ilẹ̀kùn láti ìgbà tí òjìji igi ọsàn yẹn ṣì gùn. "Ẹnì kan ló yọ pákó mi," ni wọ́n wí, wọn kò sì wá ẹni tó yọ ọ́.

Ìgbà yẹn ló yé mi ohun tí pákó náà wà fún. Ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ kò mọ̀ wọ́n, nítorí wọn kò ní òǹtẹ̀, yálà láti ìta tàbí láti inú. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń rí pákó náà, mo rò pé ìwà àìgbálẹ̀ ni. Mo wo ilẹ̀.

Bàbá jókòó. Wọ́n wo Ẹlẹ́rìí, wọ́n wo Ìyáàfin Tẹniọlá. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ wá wọ̀n wá? Ẹ̀rọ ni ẹ máa wọ̀n àbí èèyàn? Tó bá jẹ́ èèyàn, ẹ bá mi yọ ẹ̀bà àárọ̀ yìí kúrò nínú ẹ̀."

Ìyáàfin Tẹniọlá rẹ́rìn-ín, àní Ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá rẹ́rìn-ín. Ìyáàfin Tẹniọlá wá ní, "Bàbá, ọmọ yìí kọ ọ́ pé òun rí bóòtù mẹ́rìnlélógún lọ́rùn páìpù. Ṣé ó kà á lójú yín?"

Bàbá gbójú wò mí. Irú wíwò ọjọ́sí náà ni.

"Ó kà á," ni wọ́n wí. "Lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń fi ìka tọ́ ọ. Ó tiẹ̀ tún un kà."

Ẹlẹ́rìí gbà á mọ́ra.

Ní Òkè-Ìgbàlà, bí ẹni méjì bá ń jà sí ààlà, ẹnu Bàbá Akíngbadé ni wọ́n ń lọ gbọ́. Bí wọ́n bá ti sọ pé ibi báyìí ni òkúta wà, ìjà tán nìyẹn. Èmi ni mo fi irọ́ sí irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀, ó sì wá hàn sí mi pé wọ́n ti mọ̀ látìgbà náà. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n tí wọ́n ṣì ń bi mí bí mo bá pàdé wọn lọ́nà pé ṣé mo sùn dáadáa, tí wọ́n ń já ìbẹ́pẹ fún mi lẹ́yìn ilé wọn. Mo ti jẹ ìbẹ́pẹ yẹn. Ó dùn.

N kò mọ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n rí lójú mi. Wọ́n fi bàtà wọn tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì, jẹ́jẹ́, wọn kò sì gbé e kúrò.

"Ó parí nìyẹn," ni Ìyáàfin Tẹniọlá wí. "Ìfọwọ́sí ọdún mẹ́fà ni fún ilé ìwé yín. Ìbíyẹmí, ṣé nǹkan kan kù tó o fẹ́ sọ?"

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi gbogbo èèyàn ni. Rárá, mà, ni ìdáhùn rẹ̀. Bí mo bá ti wí bẹ́ẹ̀, Dúródọlá á gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ agbẹ́rù rẹ̀ lọ́la bó ṣe ń gbé e. Ẹ̀wẹ̀, bí mo bá ní irọ́ ni, àgbà kan tó jókòó síwájú mi ni mo pè ní òpùrọ́ níwájú àlejò, nínú ohun tí kò ní gbàgbé láéláé. Mo wá ọ̀rọ̀ kan láàárín méjèèjì, n kò rí i. Mo ronú kan ìyá mi àgbà, pẹ̀lú téèpù tí wọ́n ń tọ́jú pamọ́ títí àlejò á fi lọ. Kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n sọ fún mi pé kí n má wọ̀n ọ́n rárá. Èmi ni mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Mo fa ẹsẹ̀ mi yọ lábẹ́ bàtà Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo dìde, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kà á."

"Kí lo fẹ́ kà?"

"Bóòtù ọrùn páìpù."

"O ti kà á. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn ni."

"Ẹ jẹ́ kí n kà á lójú yín, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ̀rọ̀ bóòtù kọ́ ló délẹ̀ báyìí, pé ilẹ̀ ti ń gbóná fún Ìyáàfin láti sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyáàfin ti dìde, wọ́n ti gbé Ẹlẹ́rìí dání.

"Ó pẹ́ kó o tó béèrè," ni Bàbá wí fún mi, ohùn wọn kò sókè. "Dìde."

Ọrùn páìpù náà tóbi débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ rìn yí i ká. Òdà ara rẹ̀ ti ń ṣí, gírísì ti gbẹ mọ́ ọn. Mo gbé ìka lé ti àkọ́kọ́, mo ní, "Ọ̀kan." Ìyáàfin Tẹniọlá ń tẹ̀ lé mi, wọ́n ń fi ọ̀pá kékeré kan kan orí èyí tí mo bá ti kà. Bóòtù ayé ìsinsìnyí máa ń rántí ọjọ́ tí sípánà yí i kẹ́yìn. Ọ̀pá náà ló ń gbẹnu sọ fún un. "Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ẹrẹ́nà," ni ọ̀pá wí. Mo ní, "Èjì." Ọ̀pá ní, "Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ẹrẹ́nà." Ọjọ́ kejìlá ni mo wá gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà.

Nígbà tí mo kà á dé mẹ́wàá, ìka mi ti ń yára. Mo ń sọ nínú ara mi pé ó lè pé, pé bó bá pé, bóyá ẹ̀ṣẹ̀ mi á fúyẹ́. Mo gba ẹ̀yìn páìpù, níbi tó kọjú sí ògiri. Mo kan ìkẹtàdínlógún.

"Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Ẹrẹ́nà," ni ọ̀pá wí.

Ọwọ́ mi dúró lórí rẹ̀. Ìyáàfin Tẹniọlá tún ọ̀pá kàn án, ó tún un sọ. Ní ọjọ́ tí mo kọ ọ́ pé mo rí bóòtù yẹn, kò sí níbẹ̀.

"Kà á lọ," ni Bàbá wí lẹ́yìn mi.

Mo kà á lọ. Ó pé mẹ́rìnlélógún. Pípé rẹ̀ ló bú mi jù.

Ìyáàfin Tẹniọlá kò bi mí ní nǹkan kan. Bàbá ni wọ́n bi. Bàbá fi fìlà ọwọ́ wọn nu ojú. Wọ́n ní níbi tí àwọn ti kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn, bí ọmọdé bá ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ èèyàn, èèyàn á fi ohun kan sílẹ̀ láìṣe, ohun kan ṣoṣo. Ọmọ tó bá rí i ti di ẹni ẹni. Èèyàn lè sùn fọnfọn nínú ọkọ̀ tó bá wò.

"Inú àpò mi ni bóòtù náà wà nígbà tí mò ń bu omi fún un," ni wọ́n wí. "Mo ní, àbí o fẹ́ kà á? Ọmọ yìí kúnlẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ràn ìkúnlẹ̀ yẹn, mo sì sunkún sí i."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un, Bàbá?"

"Ṣé kí n dójú ti ọmọ ọlọ́mọ ni? Mo jẹ́ kó lọ. Ilẹ̀ mọ́, mo dè é kí wọ́n tó ṣí omi. Mo ní ó máa padà wá." Wọ́n da fìlà sórí. "Irọ́ tí mo pa lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo pa á, kì í ṣe òun. Ọwọ́ àwọn ọmọ yòókù ni mi ò fẹ́ kó kú."

Àgbà ti pe ara wọn ní òpùrọ́ nítorí kí èmi má baà ṣe é. Kò ku ibi tí mo lè sá sí mọ́. Mo kọjú sí Ẹlẹ́rìí.

"Mi ò kà á, mà," ni mo wí. "Wọ́n sọ fún mi, mo sì kọ ọ́ pé mo rí i."

Ohùn mi jáde ketekete. Lójú Ọ̀jọ̀gbọ́n, bí ẹ̀ẹ̀kẹrin tí wọ́n gbọ́ ọ ló rí. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo sín sínú ọbẹ̀ wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Wọ́n ní bóòtù náà ti wà níbẹ̀ kí omi tó gòkè, kò pa ẹnikẹ́ni lára, ọdún mẹ́ta ni ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ láìjò, pé èwo ni a wá fẹ́ kí ilé ìwé ṣe. Ìyáàfin Tẹniọlá jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, nínú ọdún márùn-ún tí ọmọ yìí lò lọ́dọ̀ yín, ọjọ́ wo lẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka iṣẹ́ àgbà níwájú àgbà?"

"Ó wà nínú ète wa. Ìkẹta…"

"Mo rí i lára òpó. Mi ò béèrè òpó."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ọwọ́ wọn. Mo fẹ́ràn wọn lákòókò yẹn, ó sì dùn mí pé nítorí mi ni ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu wọn.

Ìyáàfin Tẹniọlá ní àwọn kò lè fún ilé ìwé wa ní ọdún mẹ́fà. Wọ́n ní àwọn kò sì ní pa iná rẹ̀, nítorí pé ẹni tí àwọn wá wọ̀n ti rí ọ̀nà jáde, kò gbà á, ó padà sórí òṣùwọ̀n. Ọdún kan ni wọ́n fún wa. Lẹ́yìn ọdún náà wọn yóò padà wá, wọn kò sì ní ṣẹ́ ìbò. Èmi kan náà ni wọn yóò wọ̀n. Títí di ìgbà náà, iná òǹtẹ̀ tèmi nìkan ni yóò kú.

Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ wá. Kò dùn mí. Àwọ̀ aró náà kàn rọ, ó rọ, ó di awọ lásán. N kò rántí bí àtẹ́lẹwọ́ mi ṣe rí láìsí i. Ó dà bí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò dágbére fún mi. Àwọn àti Ìyáàfin Tẹniọlá jọ jáde. Ìyáàfin ń béèrè iye ọmọ tó wà ní kíláàsì ìkíní, Ọ̀jọ̀gbọ́n ń dá wọn lóhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn padé lẹ́yìn wọn. Mo mú àpò mi, mo lọ gbé ọwọ́ lé e. Kò ṣí. Mo nu ọwọ́ sára aṣọ, mo tún gbé e lé e. N kò lè kàn án kí wọ́n padà wá rí mi bẹ́ẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo kọjú sí ilẹ̀kùn.

"Kò mọ̀ ẹ́ mọ́, àbí?" ni Bàbá wí. Mo ti gbàgbé pé wọ́n ṣì wà níbẹ̀. "Má fi ọwọ́ gbá a. Ó ní ọ̀ràn tirẹ̀ tó ń rò. Ẹni tó ń yí omi padà lọ́sàn-án á dé láìpẹ́, ó ní òǹtẹ̀ lọ́wọ́."

Wọ́n gbé àpótí fún mi. Ọjọ́sí, mo jókòó lórí rẹ̀ bí àlejò pàtàkì. Lónìí mo kàn fi ẹ̀gbẹ́ ìdí kan lé etí rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú." Wọn kò ní àwọn kò bínú. Wọ́n bu omi fún mi nínú ife kan náà, wọ́n dúró kí n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Mò ń to pọ́ọ̀mpù kejì nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn," ni wọ́n wí nígbà tó ṣe. "Lọ́la, kó o tètè dé. Mi ò ní sọ iye bóòtù tó wà lára ẹ̀ fún ẹ."

"Ẹ má sọ ọ́, sà."

Mo mu omi náà tán. Pákó náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí mo fi ẹsẹ̀ tì í sí láàárọ̀. Mo lọ ṣà á nílẹ̀, mo nu eruku ara rẹ̀. Mo padà sẹ́nu ọ̀nà, mo dì í mú, mò ń retí kí ilẹ̀kùn ṣí.